Àgbá àti Ẹsẹ̀: Bí Òfin Ṣe Ń Mú Ọkọ̀ Ogun Dọ́gba Lórí Tábìlì

Nínú eré ogun orí tábìlì, ohun kan wà tó máa ń dun àwọn atayò ju kí dáìsì kẹ̀yìn sí wọn lọ: táǹkì tí kò kúrò lójú kan. Ẹni tó ni ín gbé e sí kọ̀rọ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó fi ògiri páálí bo ìdajì ara rẹ̀, ó sì ń ti ibẹ̀ yìnbọn títí eré fi parí. Ẹni tó ń bá a ta ní ọkọ̀ tó yára bí àṣá, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá sáré, òfin ní kò gbọdọ̀ yìnbọn. Kí ó sì tó rí àyè dúró, wọ́n ti fọ́ ọ. Kò sí ojóró níbẹ̀. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tó bá jókòó ni yóò jèrè, atayò náà kàn ka ìwé dáadáa ni.

Bí eré náà ṣe rí nìyí fún ẹni tí kò rí i rí. Tábìlì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní 4, ni pápá ogun. Wọ́n á kó òkè, ilé àti igbó kéékèèké tí wọ́n fi páálí àti fóòmù ṣe sórí rẹ̀. Ẹni méjì á dojú kọ ara wọn, kálukú pẹ̀lú ọmọ-ogun àti ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi ike tàbí òjé ṣe, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn lọ́dà. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn ibi tí nǹkan lè rìn dé àti ibi tí ọta lè dé. Dáìsì olójú mẹ́fà ló ń sọ bóyá ọta bà tàbí kò bà. Nínú ọ̀pọ̀ irú eré yìí, nígbà tó bá kàn ọ́, wàá kọ́kọ́ sún àwọn tìrẹ, wàá wá yìnbọn, lẹ́yìn náà ni yóò kan ẹnìkejì.

Ayò ọlọ́pọ́n kò ní wàhálà tí eré yìí ní. Ọmọ ayò 48 ni, 24 lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò kan kò sì ju ọmọ ayò kan lọ. Níbi eré ogun, ẹnì kan lè kó ọmọ-ogun 100 wá, kí ẹnìkejì kó táǹkì mẹ́ta péré wá, kí òfin sì ní wọ́n dọ́gba. Póìǹtì ni wọ́n fi ń ṣe é: gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ló ní iye tó ń jẹ, kálukú á sì ná iye kan náà. Ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ kò ṣòro láti díye lé. Ọkọ̀ ogun ló ń yọ àwọn tó ń kọ òfin lẹ́nu, nítorí ohun mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àgbá tó ń fọ́ nǹkan, irin tí nǹkan kì í tètè fọ́, àti ẹsẹ̀ tó yá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sára ẹyọ kan tí òfin kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ò wúlò mọ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ atayò ló gbà pé irin ni kí wọ́n dín kù, tàbí agbára àgbá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí àgbá àti ẹsẹ̀ ti pàdé ni kí a wò. Òfin ọkọ̀ ogun tó dára ni èyí tó ń fi dandan mú ẹni tó ni ọkọ̀ pé kí ó pàdánù nǹkan kan bó bá fẹ́ jèrè òmíràn, tí kò sì ní mọ̀ dájú, nígbàkígbà tó bá kàn án, èwo ni kó fi sílẹ̀. Bí ìdáhùn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ “dúró” ì báà jẹ́ “sáré”, òfin ti kú.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin eré ogun tirẹ̀ jáde ní 1913 nínú ìwé tó pè ní Little Wars. Àgbá ìṣeré onísípíríǹgì ni wọ́n ń lò, igi róbótó kékeré ló ń ta jáde lóòótọ́, ọmọ-ogun òjé tí igi náà bá sì gbá ṣubú ti kú nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹlẹ́ṣin ń rìn ní 2. Àgbá gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ènìyàn mẹ́rin nítòsí rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sì sún un, kò ní yìn nígbà náà. Táǹkì kò tíì dé ojú ogun nígbà yẹn, 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní Somme nílẹ̀ Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wells yìí kan náà ti ro irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti ọkàn rẹ̀ nínú ìtàn kan ní 1903. Ìpìlẹ̀ òfin ti wà nínú Little Wars: yìn tàbí rìn, mú ọ̀kan.

“Mú ọ̀kan” bá àgbá tí ẹṣin ń fà mu. Kò bá táǹkì mu, nítorí pé kí àgbá lè máa rìn ni wọ́n ṣe dá táǹkì sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ òfin wá ní láti wá ibì kan dúró sí láàárín “mú ọ̀kan” àti “mú méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́”. Àárín yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Warhammer 40,000, tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop ní Nottingham ń ṣe, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú eré yìí. Rick Priestley ló kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1987. Ẹ̀dà kẹwàá jáde ní 2023. Ogun ọjọ́ iwájú ni, àwọn táǹkì rẹ̀ sì máa ń kó ìbọn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lérí: àgbá ńlá nínú ilé tó ń yí lórí, ìbọn kan níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Àwọn tó kọ òfin náà yàn láti fi iye ìbọn gba owó orí ìrìn. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ti 2008, ọkọ̀ tó bá dúró lè yin gbogbo ìbọn rẹ̀. Èyí tó bá rìn, tí kò ju íǹṣì 6 lọ, ìbọn kan ló lè yìn, pẹ̀lú àwọn ìbọn wẹ́wẹ́ tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Èyí tó bá kọjá 6 títí dé 12 kò ní yìn rárá.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí “ìbọn wẹ́wẹ́” yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ti yí ìwà àwọn atayò padà. Nínú ẹ̀dà kẹrin, ti 2004, ìbọn tí agbára rẹ̀ kò bá ju 6 lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, wọ́n sọ ọ́ di 4. Heavy bolter, ìbọn arọ̀jò-ọta tó wọ́pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì nínú eré yìí, agbára 5 ló ní. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí táǹkì Predator tó gbé autocannon lágbára 7 sórí, tó sì ní heavy bolter méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí di 2008, ó lè rìn ní íǹṣì 6 kí ó sì yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrìn kò ná an ní kọ́bọ̀. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, bó bá sún díẹ̀ báyìí, ìbọn méjì nínú mẹ́ta ti dákẹ́. Irin rẹ̀ kò yí padà, àgbá rẹ̀ kò yí padà, póìǹtì nìkan kọ́ ló sì ń sọ iye tí nǹkan jẹ́. Kí ni ẹlẹ́ran-ara yóò ṣe? Ó gbé Predator rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó sì jókòó.

Òfin yìí tún ní àbùkù kan tí kò hàn kíákíá. Iye ìbọn ló ń gba owó orí, nítorí náà ọkọ̀ tó ní ìbọn kan ṣoṣo kò san nǹkan kan. Vindicator, ọkọ̀ tó gbé àgbá ńlá kan tí ọta rẹ̀ kì í kọjá íǹṣì 24, lè rìn ní 6 kí ó yìn bí ẹni tó dúró. Mo rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí ọkọ̀ tí ọta rẹ̀ kò lọ jìnnà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kó tó wúlò. Ṣùgbọ́n kò jọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ẹ̀bùn yẹn; ó kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ti Leman Russ, táǹkì wúwo àwọn ọmọ-ogun ènìyàn lásán, wọ́n rí i, wọ́n sì tún un ṣe: nínú ìwé tó jáde ní 2009, wọ́n ní bó bá dúró tàbí tó rìn dé 6, ó lè yin àgbá orí rẹ̀ ní àfikún sí ìbọn tí òfin ti gbà fún un tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ni eré sísá. Bó bá fẹ́ kọjá 6, dáìsì kan ló máa sọ iye íǹṣì tí yóò fi kún un. Àgbá rẹ̀ ń yìn bó ti ń wọ́ lọ, kò sì ní lè sá bí iná bá dé. Nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí ọkọ̀ kan náà, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé wọ́n fún un ní nǹkan, wọ́n sì gba nǹkan.

Síbẹ̀, nínú ẹ̀dà yẹn, àgbá Leman Russ ọ̀hún ń dé íǹṣì 72. Ẹsẹ̀ bàtà 6 náà sì nìyẹn, gbogbo gígùn tábìlì. Kí ni ẹni tí ọta rẹ̀ dé ibi gbogbo fẹ́ rìn lọ ṣe? Ìdí mẹ́ta péré ló kù tó lè mú un rìn. Àkọ́kọ́ ni pé ilé tàbí òkè dí i lójú, kò sì rí ọ̀tá. Ìkejì ni pé eré náà ní ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó borí. Ìkẹta ni pé ó fẹ́ lọ wo ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn táǹkì ọ̀tá, níbi tí irin ti fẹ́lẹ́. Bí tábìlì bá ṣófo bí pápá bọ́ọ̀lù, ìdí àkọ́kọ́ ti lọ. Òfin tó dọ́gba lórí tábìlì tó kún fún ilé á wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjà lórí “táǹkì yìí ti pọ̀ jù” fi sábà máa ń jẹ́ ìjà lórí iye ilé tó wà lórí tábìlì, bí àwọn tó ń jà kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìdí kẹta ni mo fẹ́ fi ìṣirò hàn, nítorí eré kan wà tó ṣe é dáadáa. Bolt Action ni, eré Ogun Àgbáyé Kejì tí Warlord Games àti Osprey gbé jáde ní 2012. Rick Priestley yẹn náà àti Alessio Cavatore ló kọ ọ́. Ẹ̀dà kejì, ti 2016, ni mò ń tẹ̀lé níhìn-ín. Ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n irin ń rìn ní íǹṣì 9, ọkọ̀ onítáyà ń rìn ní 12. Bó bá fẹ́ sáré, ó lè fi ìlọ́po méjì rìn, àmọ́ kò ní yìn. Bó bá rìn jẹ́jẹ́ tó sì yìn, wọ́n á yọ 1 kúrò lára dáìsì tó ń sọ bóyá ọta bà.

Ẹ mú Sherman ti Amẹ́ríkà, ẹ gbé e síwájú Tiger ti Jámánì. Àgbá Sherman ń fi 5 kún dáìsì láti wọ irin. Irin Tiger jẹ́ 10. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 10 gẹ́lẹ́, ó kàn ha á lára; ó gbọ́dọ̀ ju 10 lọ kó tó fọ́ ọ gidi. Ká ní wọ́n sún mọ́ra tó, kò sí ilé láàárín, Sherman dúró, ó kọjú sí iwájú Tiger. Dáìsì 3 sókè ni yóò fi bà á, ìyẹn 4 nínú 6. Dáìsì 6 nìkan ni yóò fi wọ irin, 1 nínú 6. Àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 9. Wàyí o, ká ní ó rìn yọ sí ẹ̀gbẹ́ Tiger. Wọ́n yọ 1 lórí bíbà, ó ku 3 nínú 6. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fi 1 kún wíwọ irin, 5 àti 6 ti tó, ìyẹn 2 nínú 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 6. Bó bá rí ẹ̀yìn Tiger, tó ń fi 2 kún un, ó di 1 nínú 4. Ẹni tó dúró sí ọ̀nà jíjìn ńkọ́, tó ju ìdajì íǹṣì 60 tí àgbá rẹ̀ lè dé lọ? Wọ́n yọ 1 lórí bíbà, wọ́n yọ 1 lórí wíwọ irin. Kódà bí dáìsì já sí 6, yóò kàn ha Tiger lára ni.

Òfin náà kò pàṣẹ fún Sherman pé kó rìn. Ó tilẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ díẹ̀ pé ó rìn. Àmọ́ èrè tó wà níbi tó ń lọ ju ìyà ojú ọ̀nà lọ, bí kò bá kú kó tó débẹ̀. Tiger náà mọ̀, òun náà sì ní láti pinnu bóyá kí ó yí ojú padà tàbí kí ó máa yìn. Bí ẹ bá sọ ìyọkúrò 1 yẹn di 2, àǹfààní ẹ̀gbẹ́ á di 1 nínú 9, bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó dúró síwájú, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi ẹ̀mí wewu láti rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Nọ́ńbà kan péré ni.

Ọ̀nà tí Warhammer 40,000 gbà lẹ́yìn náà yàtọ̀ pátápátá. Títí dé ẹ̀dà keje, ọkọ̀ ní irin iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn, láti 10 sí 14, agbára ìbọn pẹ̀lú dáìsì ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ọta tó bá wọlé á tún mú kí wọ́n ta dáìsì mìíràn: 1, ọkọ̀ kò ní lè yìn nígbà tó bá tún kàn án, 2, kò ní lè yìn, kò ní lè rìn, 3, ìbọn kan bàjẹ́, 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, 5 àti 6, ọkọ̀ ti lọ. Mo gbóríyìn fún tábìlì dáìsì yìí ní ti pé ó ya àgbá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ ṣì lè sáré lọ di ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àkóbá rẹ̀ pọ̀. Land Raider, táǹkì tí irin rẹ̀ jẹ́ 14 yíká, lè gba ọgbọ̀n ọta lascannon, ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́ táǹkì, kó má kú, ó sì lè gba ẹyọ kan kó bú gbàmù: fún ẹni tó ń fi dáìsì 3 sókè bà á, 1 nínú 27 ni àǹfààní pé ọta kan á pa á.

Ní 2017, ẹ̀dà kẹjọ fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ọkọ̀ di bí ènìyàn: ó ní líle ara, ó sì ní iye ọgbẹ́ tó lè gbà, 16 fún Land Raider. Lascannon kan ń dá ọgbẹ́ bí 1 sí i lára ní ìpíndọ́gba, nítorí náà bí ọta 15 tàbí 16 ni yóò gbẹ̀mí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Boltgun, ìbọn ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tí kò lè ha irin 14 lára láyé tẹ́lẹ̀, wá ní àǹfààní 1 nínú 54 láti dá ọgbẹ́ kan sí i. Àwọn ènìyàn pariwo pé ìbọn ọwọ́ ń pa táǹkì. Ẹni tó bá ṣírò á rí i pé ọta 864 ló máa ná an. Ariwo náà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n pariwo lé lórí ni ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn tó pa rẹ́. Ọta tó ti iwájú wá àti èyí tó ti ẹ̀yìn wá di ọ̀kan náà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é: táǹkì ike tí ara rẹ̀ rí róbótó tàbí tó ní ìyẹ́ máa ń fa àríyànjiyàn nípa ibi tí iwájú parí sí, ìdajì wákàtí sì lè ti kọjá kí wọ́n tó gbà. Síbẹ̀, ìdí kan ṣoṣo tí ọkọ̀ tó ń rí ọ̀tá rẹ̀ fi lè fẹ́ rìn yí i ká ni wọ́n jù nù. Wọ́n wá ní láti fi nǹkan mìíràn rà á padà. Leman Russ rí tirẹ̀ gbà nínú ìwé 2017: bí kò bá rìn tó ìdajì íǹṣì 10 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó lè yin àgbá orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ rántí, ẹ̀tọ́ náà sì ń dín kù bí ọgbẹ́ ti ń pọ̀. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kú, íǹṣì 4 ló kù tó lè rìn, nítorí náà kò gbọdọ̀ rìn tó 2 bó bá fẹ́ yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ òfin tó gún régé lórí ìwé, àmọ́ èrè ìlọ́po méjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tó ń fi sílẹ̀ láìsí ìdí pàtàkì. Táǹkì tún padà di olókùúta lẹ́sẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ṣe é tó mọ́ jù, kó padà sí 1977. Steve Jackson ará Texas (ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ Steve Jackson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dá Games Workshop sílẹ̀ ní 1975) ṣe eré kékeré kan tó ń jẹ́ Ogre. Orí páálí tí wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́fà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ta á. Ère rẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ẹyọ kan péré, táǹkì ńlá tí ń dá rò, tí ń dá jà. Ẹnìkejì ní ẹlẹ́sẹ̀ 20 àti ọkọ̀ 12, ó sì ń ṣọ́ ilé ìpàṣẹ kan.

Táǹkì ńlá náà, Ogre Mark III, ń rìn ní ojú páálí 3, ó sì ń yìn bó ti ń rìn láìsan kọ́bọ̀. Ó jọ pé ó rú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀. Ẹ dúró ná. Owó orí náà wà, ọ̀tá ló ń gbà á. Gbogbo ìbọn ara Ogre ni wọ́n lè dojú kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì wà lọ́tọ̀: ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ 45. Bí 15 bá já, ìrìn rẹ̀ dín sí 2. Bí 30 bá já, ó di 1. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, ó dúró síbẹ̀. Ọta tó dojú kọ ẹ̀wọ̀n, bí dáìsì bá já sí 5 tàbí 6 ló tó ṣiṣẹ́, iye tó máa já sì bá agbára ìbọn mu. Táǹkì lágbára 4 nílò nǹkan bí ọta 11 láti dín Ogre kù ní ìṣísẹ̀ kan. Ọta 11 náà ni kò ní lọ sára àgbá rẹ̀, tó ń pa ènìyàn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìpinnu láàárín àgbá àti ẹsẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ pa.

Lára àwọn ọkọ̀ 12 yẹn, wọ́n lè mú GEV, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé kúrò nílẹ̀. Ó ń rìn ní 4, á yìn, á sì tún rìn ní 3. Ọta rẹ̀ ń dé ojú 2. Ẹ fi ìka tẹ̀lé e lórí páálí: ó wọlé, ó yìn ní ojú 2 sí Ogre, ó sá padà ní 3, ó wà ní ojú 5 báyìí. Ogre rìn ní 3, ó ku 2 láàárín wọn. Ká fi misáìlì méjì tó ní sílẹ̀ ná: àgbá ńlá Ogre ń dé 3, àwọn ìbọn rẹ̀ kejì ń dé 2, gbogbo wọn ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ pé 4 ni GEV ń sá padà, yóò ku 3 láàárín wọn, ìbọn kejì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgbá ńlá nìkan ni yóò kù. Ká wá fi ti ẹ̀wọ̀n kún un. Bí Ogre bá ti dín sí ìrìn 2, àgbá ńlá nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ GEV tó ń sá padà ní 3. Bó bá dín sí 1, kò sí ìbọn rẹ̀ kan tó dé ibẹ̀ mọ́, àfi misáìlì méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ta ló ń sọ pé kí wọ́n máa yin àgbá kí ó tó di ẹsẹ̀? Ẹni tó kó GEV wá á rí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹni tó kó àgbá ìjókòó wá, tí kò lè rìn rárá tí ọta rẹ̀ sì ń dé ojú 8, lè ro nǹkan mìíràn.

Ohun tí GEV fi hàn ló ń dà póìǹtì rú nínú ọ̀pọ̀ ìwé òfin. Wọ́n á díye lé àgbá, wọ́n á díye lé ẹsẹ̀, wọ́n á ro wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ẹsẹ̀ ń jẹ wà lọ́wọ́ àgbá tó gbé. Tábìlì Warhammer 40,000 láti ẹ̀dà kẹsàn-án jẹ́ íǹṣì 60 sí 44. Lascannon ń dé 48. Fi íǹṣì 4 kún ìrìn ọkọ̀ tó gbé e, o kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní nǹkan kan, ó ti ń dé òdìkejì tẹ́lẹ̀. Fi íǹṣì 4 kan náà kún ìrìn ọkọ̀ tó gbé ìbọn aṣáná tí kì í dé ju 12 lọ, o ti fẹ ilẹ̀ tó lè halẹ̀ mọ́ lójú gidi. Ẹni tó bá gba póìǹtì kan náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ti rẹ́ ọ̀kan jẹ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ òfin tirẹ̀, tàbí tó fẹ́ tún ti ẹlòmíràn ṣe pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni kó má ṣe fọwọ́ kan àgbá àti ẹsẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Yí ọ̀kan padà, jẹ́ kí èkejì wà bó ṣe wà, tún eré náà ta lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ilé kan náà. Kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá kan táǹkì, bóyá ó rìn, bóyá ó yìn, bóyá ó ṣe méjèèjì; má ṣe wo ẹni tó borí, nítorí dáìsì máa ń purọ́ nínú eré kan tàbí méjì. Bí ìlà “kò rìn” bá gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, owó orí ìrìn ti pọ̀ jù, tàbí kò sí ibi tó yẹ kó lọ. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan to ẹgbẹ́ ogun méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì sọ pé póìǹtì wọn dọ́gba, kí ó wá jẹ́ kí ẹnìkejì yan èyí tó bá wù ú. Kí wọ́n pààrọ̀ ipò nígbà mìíràn. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń na ọwọ́ sí ẹgbẹ́ ogun kan náà kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu, kí wọ́n fi kún póìǹtì ẹgbẹ́ yẹn, kí wọ́n sì tún un tò.